Gẹ̀ẹ́sì Tí A Gé sí Wẹ́wẹ́

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò ní kọ́kọ́ kojú Gẹ̀ẹ́sì. Ì báà jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà, ì báà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n á bi í ní ìbéèrè 60 lórí Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Àmọ́ nínú gbogbo 60 yẹn, kò sí ẹyọ kan tó ní kí ọmọ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ló wà, á yan ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, á kọjá sí òmíràn. Ti WAEC sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọmọ á kọ àròkọ níbẹ̀, á sì ké àyọkà gígùn kúrú. Ṣùgbọ́n tó bá di ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé náà ni wọ́n á tún gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní irú ìró bẹ́ẹ̀, òun náà á fi pẹ́ńsùlù kun ojú ibi tó yàn. Títí agogo á fi lù, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn tí mò ń kọ́ ti wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni mo wà, ní agbègbè Ìbàdàn, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù ni àwọn ọlọ́dún kẹta tó ń múra láti gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ó ti mọ́ àwa àgbà lára láti máa sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn bọ́ọ̀lù, wọ́n ń fi ka ìtàn àròsọ lórí fóònù mọ́jú, wọ́n ń fi kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà nígbà tí omi ẹ̀rọ ò bá yọ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí o bá bi wọ́n ní òfin gírámà, wọ́n á kà á fún ọ láìkọsẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa wọn yàtọ̀ sí ìyẹn.

Mú àyọkà méjì. Kí òǹkọ̀wé kìíní máa sọ pé èdè abínibí ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí èkejì ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka méjèèjì. Jẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ẹnì kẹta tó ń sọ tirẹ̀ lórí rédíò. Wá ní kí wọ́n kọ ojú ewé kan lórí bí wọ́n ṣe rí ọ̀rọ̀ náà sí. Ohun tó máa ń padà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni pé ìpínrọ̀ kìíní jẹ́ ti òǹkọ̀wé àkọ́kọ́, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìpínrọ̀ kejì jẹ́ ti èkejì. Ti orí rédíò ò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ tó ni iṣẹ́ á wá yọjú ní ìlà tó gbẹ̀yìn láti ní kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i. Gírámà rẹ̀ mọ́. N kò rí àṣìṣe tí mo lè fa ìlà sí. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó sọ̀rọ̀ ò gbọ́ ara wọn, ọmọ tó pè wọ́n jọ náà ò sì dá ìkankan nínú wọn lóhùn.

Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ kan á wọlé wá kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òmíràn á wá kọ́ wọn ní ìró èdè. Ọjọ́bọ̀ ni ti àròkọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìdánwò tirẹ̀ àti máàkì tirẹ̀, ohun tí ọmọ kà lọ́jọ́ Ajé ò sì kan ohun tó máa kọ lọ́jọ́bọ̀. Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ èdè ti ń kìlọ̀ nípa irú ìpínyà yìí. Láti 1978 ni H. G. Widdowson ti kọ̀wé láti fi hàn pé ó yẹ ká kọ́ àwọn ẹ̀ka náà pọ̀, nítorí pé ẹni tó ń lo èdè fún ohun kan ní tòótọ́ kì í ya kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ.

Èyí tó tiẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2001, ohun tí ènìyàn ń fi èdè ṣe ni wọ́n wò: ó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, ó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó ń bá ẹlòmíràn fèsì síra wọn, ó sì ń ṣe alárinà, ìyẹn ni pé ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní lè gbọ́ ọ yé láìsí òun. Nínú àfikún tí wọ́n tẹ̀ ní 2020, wọ́n ṣàlàyé ti alárinà yìí lọ salalu. Nígbà tí mo kà á, àwọn ọmọ wa ni mo rí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé màmá àgbà rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ti ń ṣe é. Dókítà á sọ̀rọ̀, ọmọ á sọ ọ́ ní Yorùbá fún màmá, màmá á fèsì, ọmọ á tún un tò kó tó dé etí dókítà, á sì mọ èyí tó yẹ kí òun rọra sọ àti èyí tí kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ yẹn náà ló wá dàgbà tó wá jókòó síwájú mi. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún un rí pé ìmọ̀ èdè ńlá lohun tó ń ṣe lọ́jọ́sí, kò sì sí ìdánwò kan tó tíì bi í léèrè rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìfetísílẹ̀ ló le jù fún wọn. Kì í ṣe pé etí wọn ò já geere. Àṣà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ló fà á. Láti ilé-ìwé girama ni olùkọ́ ti ń pe nóòtì, tí ọmọ ń kọ ọ́, tòun ti kọ́mà àti àmì ìdánudúró. Ìdí pàtàkì wà fún un: ìwé wọ́n, ibi ìkàwé ò ní ìwé tó kárí, nóòtì tí olùkọ́ bá pè sì ni ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ní lórí iṣẹ́ náà. Mi ò lè torí rẹ̀ bá olùkọ́ kankan jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ nóòtì báyìí kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń yá ni. Kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá kókó ọ̀rọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àpẹẹrẹ rẹ̀, kò sì kọ́ láti mọ ìgbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ èrò ara rẹ̀ àti ìgbà tó ń sọ ti ẹni tó fẹ́ takò. Tí mo bá kàn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, tí mi ò pè é fún wọn, wọ́n á gbé bírò dúró, wọ́n á máa wò mí, ẹnì kan á wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ. Ẹ ń yára jù.”

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi fún èyí. Ruth Wajnryb, olùkọ́ èdè kan ní Ọsirélíà, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1990. Olùkọ́ á ka àyọkà kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa kà á fún ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa. Ní àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kàn tẹ́tí ni. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á kọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ wọn bá bá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pín ara wọn ní mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á fi ohun tí kálukú rí kọ sílẹ̀ tún àyọkà náà kọ, wọ́n á sì gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùkọ́ láti wo ibi tí wọ́n ti yà. Kò gbà ju àyọkà kan, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì lọ. Bí iná ò bá sí, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn mẹ́rin tó jókòó yí tábìlì kan ká. Ọ̀kan ní ìjọba ló ti ilé-ìwé tí àyọkà sọ̀rọ̀ rẹ̀ pa. Èkejì ní rárá o, wọ́n kàn dábàá pé kí ìjọba tì í ni. Ẹ̀kẹta ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan láàárín méjèèjì, àmọ́ òun ò kọ ọ́ torí pé òun rò pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló wá gbé gbogbo ìtumọ̀ àyọkà náà dání. Gírámà tí wọ́n ti há sórí láti ọdún wọ̀nyí á wá di ohun tí wọ́n nílò lójú ẹsẹ̀: ta ló ṣe é, ta ni wọ́n ṣe é sí, ṣé ó ti parí ni àbí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́? Ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó gbọ́ ọ, ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí gbígbọ́, sísọ, kíkọ àti kíkà fi lè ká ara wọn mọ́ inú wákàtí kan báyìí.

Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jiyàn náà. Mi ò dá wọn lẹ́kun. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi ò dùn sí i. Wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì la gbọ́dọ̀ máa sọ níbi tí a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé sì wà títí di òní tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá ń san owó ìtanràn tàbí tí wọ́n ń gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Ohun tí mo rí ni pé tí mo bá fi dandan mú wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí èrò ṣì ń gbóná lọ́kàn wọn, ohun tó rọrùn láti sọ ni wọ́n á sọ, èyí tó jinlẹ̀ á kú sí wọn nínú. Jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá tú u palẹ̀, wọ́n á wá Gẹ̀ẹ́sì tó lè gbé e, ìgbà yẹn ni wọ́n á sì mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ò tíì dé.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò kéré sí ti àwọn tí wọ́n ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú wọn. Ìwé tó kó àbájáde rẹ̀ jọ jáde ní 1989. Modákẹ́kẹ́ ò jìnnà sí wa. Ó ń dùn mí pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nílẹ̀ Yorùbá lè gba ìwé-ẹ̀rí kó má gbọ́ nípa rẹ̀.

Èyí tó tó bí ọkàn mi ṣe fẹ́ ni iṣẹ́ tí a ṣe lórí odò Ògùnpa. Ní ìparí oṣù August 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn títí Ògùnpa fi kún àkúnya. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn lọ. Ní August 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nínú ìlú, ó sì wó afárá. A ò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní 1980, ọmọdé ni wọ́n sì wà ní 2011. Mo fún wọn ní àyọkà méjì kà: ọ̀kan jẹ́ ìròyìn, èkejì jẹ́ àlàyé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lórí ìdí tí odò náà fi ń ya bo ìgboro, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí kọnkéré tí wọ́n fi ṣe ojú odò ṣe. Mo ní kí kálukú lọ wá ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kó bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, kó kọ ojú ewé méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ìwé tó kà àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jọ wà níbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, á dìde níwájú wa, á sọ ọ́ láìka ìwé, a ó sì bi í ní ìbéèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lọ bá ìyá àgbàlagbà kan tó ń tajà nítòsí Mọ́lẹ́tẹ̀ nígbà náà. Nínú ohun tó kọ́kọ́ kọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ṣàlàyé ohun tó fà á, ìyá yìí kàn sọ pé inú ló bí odò ni. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé ti ìyá jẹ́ ìtàn àtijọ́ lásán, ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló jẹ́ òótọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán. Nígbà tí a wá jọ tẹ́tí sí ohùn ìyá náà nínú kíláàsì, ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Ẹ dákun, ẹ dá a padà díẹ̀.” A dá a padà. Ìyá náà sọ ọ́ kedere pé kí òjò yẹn tó rọ̀ rárá ni ìdọ̀tí ti dí abẹ́ afárá, pé wọ́n kọ́lé sójú ọ̀nà omi, pé ẹni tó bá gba ilé onílé, ó yẹ kó máa retí ìbínú onílé. Inú àyọkà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ kan náà wà: ìdọ̀tí, àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò. Ìyá àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ò takora. Ọmọ yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbínú, ó ti dúró síbẹ̀, kò gbọ́ ìyókù mọ́.

Ó lọ tún un kọ. Ìpínrọ̀ kan náà ni ìyá àti onímọ̀ ẹ̀rọ jọ wà lọ́tẹ̀ yìí, tí ìyá sì ṣáájú, nítorí pé òun ló fojú rí i. Kíkà ló jẹ́ kó mọ ohun tó yẹ kó máa tẹ́tí fún, títẹ́tí ló jẹ́ kó tún ìwé rẹ̀ kọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ló sì jẹ́ kó tún tẹ́tí. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lábẹ́ olùkọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, la ti ṣe é, ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni ìbá gba máàkì tó ga, ọ̀rọ̀ ìyá náà ì bá sì ti sọnù.

Nípa kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ín, ilé ni mo ti mú ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa pa òwe níwájú àgbà tí kò ní sọ pé tótó, ó ṣe bí òwe, àwọn àgbà á sì dá a lóhùn pé wàá rí òmíràn pa. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń kó odindi ìpínrọ̀ látinú íntánẹ́ẹ̀tì sínú iṣẹ́ wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. A ti máa ń sọ fún wọn pé òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni, pé wọ́n lè lé wọn. Nígbà tí mo sọ pé ìbọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn tó ni òwe náà ni mo fẹ́ kí wọ́n fún ẹni tó ni ìwé, kíláàsì dákẹ́, lẹ́yìn náà ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá: tó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló sọ ọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé èmi àti òǹkọ̀wé jọ rò ó ni ńkọ́? Ìbéèrè ẹni tó ti ń ronú nìyẹn.

Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn dìde sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè ohun tó mú un gbà pé ìyá tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ṣì rántí dáadáa. Kò retí ìbéèrè náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó wá sọ pé òun ò lè búra fún ọjọ́ àti wákàtí tí ìyá náà dá, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá sọ nípa abẹ́ afárá bá ohun tí ìwé sọ mu. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ní àṣìṣe ju ti inú ìwé rẹ̀ lọ, ó sì dára jù ú lọ fíìfíì. Ó mọ ibi tí ìdánilójú òun dé, ó sì sọ ọ́ mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ bíi ChatGPT ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn báyìí. Ó lè kọ ojú ewé méjì lórí Ògùnpa kí o tó ṣẹ́jú. Kò mọ ohun tí ìyá Mọ́lẹ́tẹ̀ sọ, kò sì lè dìde dáhùn ìbéèrè ẹni tó jókòó lẹ́yìn, nítorí náà mi ò fi àkókò ṣòfò lórí bí mo ṣe máa mú ẹni tó lò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ lọ sí òkè òkun náà ò gùn. Nígbà tí TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń ṣe, bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2005, wọ́n fi iṣẹ́ kan sí i, tó wà níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2026, níbi tí ọmọ ti máa ń ka àyọkà, táá gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà, táá sì fi 20 ìṣẹ́jú kọ bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe kan ara wọn. Ó yẹ kí ọmọ tó fẹ́ ṣe é nígbà náà ti mọ irú rẹ̀ dáadáa kó tó san owó ìdánwò. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní lọ síbì kankan ni mò ń rò jù: àwọn tó máa padà sí Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ìgbòho láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n á sì kọ́ wọn bí a ṣe kọ́ àwọn náà.

Máàkì ló ṣì ń dí wa lọ́wọ́. Ìlànà wa fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, iṣẹ́ bí ti Ògùnpa ò sì bọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó gba àkókò láti yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá nígbà tí kíláàsì bá kún. Èmi àti ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní ìró èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ jókòó nígbà tí wọ́n bá ń dìde sọ̀rọ̀: òun ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè sódò, èmi ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to àlàyé, iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn sì ń wọ ìwé máàkì àwa méjèèjì. Olùkọ́ àròkọ ti ní òun náà á dára pọ̀ mọ́ wa. Láìpẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á lọ sí ilé-ìwé káàkiri fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Mo ti ní kí kálukú wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí, kódà kó kéré, pẹ̀lú àwọn ọmọ JS2, kí wọ́n gba ohùn àwọn ọmọ náà sílẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá gbà, kí wọ́n sì mú un wá ká jọ gbọ́ ọ.